Ọtí Lẹ́nu Abiyamọ: Ìyá Agbẹ̀bí Dá Àwọn Òǹkàwé Lóhùn

ÌBÉÈRÈ

Ìyá Agbẹ̀bí, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ kejì mi pé ọ̀sẹ̀ méje lónìí. Ìyá ọkọ mi ló wá bá mi tọ́jú ọmọ. Wọ́n ń gbìyànjú gan-an: wọ́n ń wẹ ọmọ, wọ́n ń dáná, wọ́n ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn mi. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni wọ́n ti ń sọ pé ọmú mi kò tó. Alaalẹ́ ni wọ́n ń ra stout ìgò ńlá, wọ́n á ní kí n mu ìdajì rẹ̀. Tí ẹlẹ́mu bá sì kọjá lọ́sàn-án, wọ́n á tún ra ẹmu fún mi.

Ká sọ òótọ́, tí mo bá ti mu stout yẹn, ọmú mi máa ń le, á sì kún. Àmọ́ ọmọ á máa fà á, á máa fà á, kò ní yó, á wá máa ké lóru. Lọ́jọ́ Sátidé, àbúrò mi ọkùnrin ṣègbéyàwó, mo mu bíà ìgò kan níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo fún ọmú sínú abọ́, mo dà á nù kí n tó gbé ọmọ sọ́mú, torí ọ̀rẹ́ mi kan ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Inú bí ọkọ mi, ó ní kí n kúkú já ọmú lẹ́nu ọmọ, kí a máa fún un ní mílíìkì inú agolo.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé òótọ́ ni pé ọtí ń mú ọmú wá? Wákàtí mélòó ló yẹ kí n dúró? Ṣé fífún ọmú dànù ń ṣiṣẹ́? Báwo ni mo ṣe máa bá ìyá ọkọ mi sọ ọ́ tí wọn ò fi ní rò pé mò ń rí wọn fín?

*Ìyá Ìkókó, Abẹ́òkúta*

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, o kú ewu, o kú ìtọ́jú. Má já ọmú lẹ́nu ọmọ o. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí o má baà ti ṣe é kí o tó ka èyí tó kù. Bíà ìgò kan tí o mu níbi ìgbéyàwó kò ba omi ọmú rẹ jẹ́. Ó wọ inú ọmú, ó sì ti kúrò níbẹ̀. Mílíìkì agolo tí wọ́n fi omi tí kò mọ́ pò, nínú ìgò tí wọn ò sè jinná, mo mọ ohun tó ń fi ojú ọmọ rí ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé: ìgbẹ́ gbuuru, ojú tó ti jìn wọlé, àwùjẹ̀ tó rì. Kí ọkọ rẹ fọkàn balẹ̀. Ọtí la fẹ́ gbé kúrò nílẹ̀, kì í ṣe ọmú.

Ọ̀rọ̀ stout yìí kì í ṣe tuntun sí mi. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí n'Ìbàdàn, àwọn ìyá àgbà máa ń gbé òdékù wọ wọ́ọ̀dù lábẹ́ ìborùn, wọ́n á dà á sínú fúláàsì bíi pé ẹ̀kọ ni. Ìfẹ́ ló ń ṣe wọ́n. Ọmọ ń ké, ìyá ọmọ ti rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ọmú dà. Mi ò bá wọn jà rí, ṣùgbọ́n mo máa ń gba fúláàsì náà lọ́wọ́ wọn, mo máa jókòó tì wọ́n, mo sì máa ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún ọ yìí.

Nǹkan méjì ló wà nínú ara ìyá tó ń bójú tó ọmú. Àwọn dókítà ń pe ọ̀kan ní prolactin. Òun ló ń mú kí ara pèsè omi ọmú. Èkejì ń jẹ́ oxytocin, òun ló ń tì í jáde. Oxytocin yìí ló máa ń mú kí ọmú rẹ ta ṣínṣín nígbà tí ọmọ bá ké, tí aṣọ rẹ á sì tutù kí o tó gbé e. Nígbà tí ìyá bá mu ọtí, oxytocin máa ń lọ sílẹ̀. Prolactin lè ròkè ní tirẹ̀. Kí ni ìyá máa rí? Ọmú á kún, á le, á wúwo, gbogbo ilé á ní ọtí ti ṣiṣẹ́. Ó dà bíi kànga tó kún dẹ́nu àmọ́ tí okùn korobá ti já. Omi wà níbẹ̀, kò wá sókè. Ohun tí o kọ sí mi gan-an nìyẹn: ọmú le, ọmọ ń fà á, kò yó.

Ní 1991, Julie Mennella àti Gary Beauchamp, onímọ̀ méjì ní ìlú Philadelphia l'Ámẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí èyí. Wọ́n fún àwọn abiyamọ ní omi ọsàn tí ọtí díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n fún wọn ní omi ọsàn lásán. Wọ́n wá ń wọn ohun tí ọmọ mu. Lọ́jọ́ ọtí, òórùn omi ọmú yàtọ̀. Àwọn ọmọ ń fà á léraléra níbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ èyí tó wọ ikùn wọn kéré sí ti ọjọ́ kejì. Ìwádìí mìíràn tẹ̀ lé e tó fi hàn pé ó máa ń dín tó bí ìdá kan nínú márùn-ún láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn tí ìyá bá mutí, àti pé ọmọ kì í sùn tó bó ṣe yẹ ní àkókò náà. Àwọn tó ń sọ pé ọtí ìyá máa ń jẹ́ kí ọmọ sùn fọnfọn, ó lè kọ́kọ́ tòògbé lóòótọ́, ṣùgbọ́n oorun náà kì í pẹ́, kì í sì í fara balẹ̀.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà o, mi ò ní fi dù wọ́n. Nǹkan kan wà nínú ọkà báálì tí wọ́n fi ń ṣe bíà, tó ń gbé prolactin sókè. Àmọ́ inú ọkà ló wà, kò sí nínú ọtí. Bíà tí kò lọ́tí nínú náà ní i. Bí ìyá ọkọ rẹ bá fẹ́ ra nǹkan inú ìgò fún ọ dandan, kí wọ́n ra mọ́ltì, ìgò kan lóòjọ́ sì tó, nítorí ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ wákàtí. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o ti farabalẹ̀ kà, torí ọ̀pọ̀ ló ń ṣi ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Bí ọtí bá ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ, bẹ́ẹ̀ ló máa pọ̀ tó nínú omi ọmú rẹ. Ó máa ń pọ̀ jù láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan lẹ́yìn tí o bá mu ún. Tí o bá jẹun pọ̀ mọ́ ọn, ó lè tó wákàtí kan àbọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ rẹ bá ṣe ń fọ̀ ọ́ kúrò. Àjọ CDC, tó ń bójú tó ìdènà àrùn fún ìjọba Amẹ́ríkà, ní kí abiyamọ má mutí rárá ló dára jù. Wọ́n tún ní tó bá mu ìwọ̀n kan ṣoṣo lóòjọ́, tó sì dúró ó kéré tán wákàtí 2 kí ó tó fún ọmọ lọ́mú, a kò mọ̀ ọ́n sí ohun tó ń pa ọmọ lára. Ìwọ̀n méjì, wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe ń pọ̀ sí i nìyẹn. Obìnrin tó tín-ín-rín máa ń pẹ́ ju obìnrin tó sanra lọ.

Ṣùgbọ́n kí ni ìwọ̀n kan? Lọ́dọ̀ wọn, ìwọ̀n kan ni ìgò bíà kékeré, mílílítà 355, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100. Ògidì ọtí inú rẹ̀ jẹ́ bíi gíráàmù 14. Wo ìgò tiwa báyìí. Ìgò ńlá tí wọ́n ń tà ní ilé ọtí wa jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 60. Bíà tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5, ìgò ńlá kan ti lé ní ìwọ̀n kan àbọ̀. Stout tìrẹ ńkọ́? Yí ìgò náà padà, wàá rí ìdá 7.5 lára rẹ̀. Ìgò ńlá kan jẹ́ ìwọ̀n méjì àbọ̀. Ẹni tó mu ún tán ní agogo 8 alẹ́, kí ó má retí pé ọtí ti tán lára òun kí agogo 1 tàbí 2 òru tó lù, kódà ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdajì tí ìwọ ń mu yẹn ju ìwọ̀n kan lọ. Tí o bá mu ún lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ní agogo 8, tí ọmọ sì fẹ́ mu ọmú ní agogo 9, ìgbà tí ọtí pọ̀ jù nínú omi ọmú gan-an ni o ń gbé e sí i lẹ́nu. Lálaalẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méje. Mi ò sọ ọ́ láti bá ọ wí, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó ṣírò rẹ̀ fún ọ ni.

Ẹmu ṣòro ju bíà lọ, torí kò sí ẹni tó kọ agbára rẹ̀ sí ara kèrègbè. Ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ máa ń dùn, ọtí inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Kò ní dúró bẹ́ẹ̀. Bí oòrùn bá ṣe ń mú ni yóò máa ru, tí ṣúgà inú rẹ̀ ń di ọtí, tó bá fi máa di ọ̀sán ó ti lè tó ìdá 4, ti àná sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ife ńlá tó gba ìdajì lítà nínú ẹmu ọ̀sán, ó ti ju ìwọ̀n kan lọ. Nítorí náà ẹmu tí ẹlẹ́mu ń gbé kọjá lójúde yín lọ́sàn-án kì í ṣe omi dídùn, bó tilẹ̀ ń dùn lẹ́nu.

Ẹ̀dọ̀ ọmọ rẹ ni mo ń rò. Ẹ̀dọ̀ ìkókó kò tíì lágbára. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyí, bí ìdajì agbára tí ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà fi ń fọ ọtí kúrò lára ni tirẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun tó ń bọ́ sí ọmọ lẹ́nu láti inú ọmú kéré púpọ̀ sí ohun tí ìyá mu. Àmọ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ méje ń mu ọmú ní ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá láàárín ọ̀sán àti òru, kò sì sí ààyè wákàtí mẹ́rin márùn-ún tí o máa rí fi dúró láàárín. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí o fi ọtí sílẹ̀ pátápátá títí ọmọ á fi pé oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn ìgbà náà, tí òde bá wà, tí o sì fẹ́ mu, fún ọmọ lọ́mú ní àmúyó kí o tó jáde nílé. Ìwọ̀n kan ni kí o mu, jẹun sí i, kí o sì ka wákàtí rẹ. Má sọ ọ́ di ohun ojoojúmọ́.

Fífún ọmú dànù kò fọ ọtí kúrò. Ọtí kì í jókòó sínú ọmú kó máa dúró de ìgbà tí a máa dà á nù. Bó ṣe ń wọ inú omi ọmú láti inú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ń padà sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe ń mọ́. O lè fún gbogbo rẹ̀ dànù ní agogo 7, tí ọtí bá ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ, èyí tó máa sun ní agogo 7 àbọ̀ ní ọtí nínú. Omi tútù, kọfí, ìwẹ̀, oorun, kò sí èyí tó ń mú kó yá. Àkókò nìkan ni. Tí ọmú bá kún jù tó ń dùn ọ́, fún díẹ̀ kúrò kí ó má baà di kókó sí ọ láyà, ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé ìrora lo ń lé. Ohun tó ń ṣàǹfààní ni kí o ti fún ọmú sílẹ̀ ṣáájú òde, sínú ife tí o ti sè, kí ẹni tó bá ń tọ́jú ọmọ fi síbí fún un. Ó lè tó wákàtí 4 níta tí ilé bá tutù. Nínú ooru tiwa, má jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nínú fìríìjì, ó lè lo ọjọ́ 4, bí iná bá dúró.

Nǹkan kan wà tó le ju ti omi ọmú lọ, o kò sì bi mí. Níbo ni ọmọ ń sùn? Ọ̀pọ̀ wa ni ọmọ ń sùn tì lórí bẹ́ẹ̀dì, abẹ́ apá ìyá gan-an. Ìyá tó mutí, oorun rẹ̀ máa ń wúwo. Ọmọ lè bọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ìyá lè dùbúlẹ̀ lé e, kó má mọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí, èyí ló lè pa ọmọ ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo. Lálẹ́ ọjọ́ tí o bá mutí, ìbáà ṣe ife kan, kí ọmọ sùn sórí ibùsùn tirẹ̀, kí ẹlòmíràn tí kò mutí wà nítòsí, kí ó gbé e fún ọ nígbà tí ó bá tó àkókò, kí ó sì gbà á padà. Má gbé ọmọ sùn sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú. Èyí kan bàbá ọmọ pẹ̀lú. Bí òun ló mutí, kí ó má sùn ti ọmọ.

Ṣé ọmú rẹ kò tó lóòótọ́? Ó dá mi lójú pé o ti gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6. Wo káàdì rẹ̀, wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀. Bó bá ń lọ sókè láti ìgbà tí o ti bí i, tí ó ń tọ̀ tó ìgbà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sán àti òru, ọmú rẹ tó. Ẹkún alẹ́ máa ń pọ̀ jù lára ọmọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lára ọmọ tó yó pàápàá. Ohun tó ń mú ọmú wá ni ọmọ fúnra rẹ̀: gbé e sí i lọ́sàn-án, gbé e sí i lóru, kí ẹnu rẹ̀ gba awọ dúdú ọmú, kì í ṣe orí ọmú nìkan. Ti òru ṣe pàtàkì, torí òru ni prolactin máa ń ròkè jù. Tí ìwọ̀n ọmọ kò bá gbéra, má dúró de abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 10, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí.

Ní ti ìyá ọkọ rẹ, má gba ìgò lọ́wọ́ wọn lójú àlejò, má sì gbà á kí o wá dà á nù lẹ́yìn wọn. Kúnlẹ̀, kí o ní: "Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ ń ná owó yín lé mi lórí. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀dọ̀ ọmọ yín kò tíì lè gba ọtí, pé kí n dá a dúró ná. Ẹ̀kọ gbígbóná yín yẹn ni mo fẹ́ máa mu." Kí o sì fún wọn ní iṣẹ́ tó ń mú ọmú wá ní tòótọ́: kí wọ́n pọn ọmọ lẹ́yìn tó bá ti mu ọmú tán, kí ìwọ lè sun wákàtí méjì láìjí. Mú wọn dání nígbà tí o bá ń lọ fún abẹ́rẹ́ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì bá sọ lójú wọn kì í ṣe ìyàwó ló sọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ

Mo kí yín láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀n, mà. Ọlọ́run fi ọmọbìnrin ta wá lọ́rẹ, ọjọ́ Àìkú ni a máa sọ ọ́ lórúkọ. Bàbá mi ti wá láti Èkìtì, wọ́n sì ní dandan ni kí wọ́n fi ṣìnáàpù, oyin àti iyọ̀ kan ọmọ lẹ́nu. Ìyàwó mi kò fẹ́. Ó tún ń béèrè bóyá òun lè mu wáìnì gíláàsì kan lọ́jọ́ náà. Mi ò fẹ́ ìjà láàárín àwọn méjèèjì.

*Bàbá Ọmọ Tuntun, Lọ́ńdọ̀n*

ÌDÁHÙN

Ẹ kú oríire, ẹ kú ìnáwó. Ìyàwó rẹ ló jàre lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ, bàbá rẹ ló sì jàre pé kí àwọn nǹkan náà wà níbẹ̀. Àdúrà ni ìsọmọlórúkọ. "Ọtí kì í tí, ayé rẹ kò ní tí," ẹnu àgbà ni èyí ti ń jáde, etí ọmọ ló ń wọ̀. Kò sí ibi tí ó ti di dandan pé kí ọtí gba ọ̀nà ọ̀fun ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kọjá kí àdúrà tó gbà. Ilé mùsùlùmí púpọ̀ ń sọ ọmọ lórúkọ láìsí ọtí rárá, orúkọ náà sì ń ro ọmọ.

Bí a ṣe ń ṣe é nínú ọ̀pọ̀ ilé báyìí nìyí: àgbà á gbé nǹkan kọ̀ọ̀kan sókè, á fi ṣàdúrà, á tọ́ ọ wò, á gbé e fún bàbá àti ìyá ọmọ, àwọn ẹbí á sì tọ́ ọ wò lẹ́yìn wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ kí ó kan ọmọ, kí wọ́n fi omi tó mọ́ kàn án níwájú orí. Bàbá rẹ á gbà bí o bá lọ bá wọn kí ọjọ́ náà tó pé, kì í ṣe nígbà tí àwọn èèyàn ti jókòó.

Oyin ni kí o ṣọ́ra fún jù lọ. Kòkòrò àìrí kan lè wà nínú oyin, bó ti wù kó jẹ́ ojúlówó tó, tí ikùn àgbàlagbà lè borí ṣùgbọ́n tí ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù 12 kò lè borí. Ó máa ń tú oró sínú ìfun. Ọmọ kò ní yàgbẹ́, ọrùn rẹ̀ á rọ, kò ní lè fa ọmú, ó sì lè dá èémí rẹ̀ dúró. Ìka oyin kan ṣoṣo kò yẹ ní ẹnu rẹ̀. Iyọ̀ àti atare náà, kí wọ́n dúró lẹ́nu àwọn àgbà. Omi ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà.

Wáìnì: gíláàsì tí wọ́n máa ń rọ fún èèyàn níbẹ̀ jẹ́ mílílítà 175. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 12, ó lé díẹ̀ ní ìwọ̀n 2 nínú ìṣirò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí mílílítà 10 ògidì ọtí ni wọ́n ń pè ní ìwọ̀n kan lọ́dọ̀ yín. Yóò gbà á tó wákàtí 3. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò ní jẹ́ kó sinmi wákàtí 3. Kí ó fi omi èso tọ ọtí àdúrà lẹ́yìn, kí gíláàsì wáìnì náà di ìgbà tí ọmọ bá ti ń jókòó.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú àtìlẹyìn, Ìyá Agbẹ̀bí. Ọmọ mi obìnrin bímọ ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Láàárọ̀ láàárọ̀ ló ń mu àgbo ọ̀pá ẹ̀yìn tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ife kékeré kan. Tí mo bá sọ̀rọ̀, á ní oògùn ni, kì í ṣe ọtí. Ọmọ náà ń sùn jù lójú mi, kì í sì í fa ọmú lágbára mọ́. Wọ́n tún ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní Flagyl.

*Ìyá Àgbà, Ìbàdàn*

ÌDÁHÙN

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àmójútó. Ohun tí ẹ rí yẹn, ẹ ò rí i ṣì. Ewé tí wọ́n rẹ sínú ògógóró kò sọ ògógóró di omi. Ìdá 40 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọtí inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́, ife kékeré kan sì lè tó ìwọ̀n kan, láàárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ọmú kún jù. Ẹ̀yìn tó sì ń dun abiyamọ oṣù mẹ́rin, ọmọ tó ń gbé àti bó ṣe ń tẹ̀ fún un lọ́mú ló sábà máa ń fà á. Ẹ fi ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, kí ó gbé ọmọ wá sí ọmú dípò kó máa tẹ ọmú lọ bá ọmọ. Parasitámọ́ọ̀lù kò léèwọ̀ fún un bó bá lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ohun mìíràn tún ni pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ògógóró ẹ̀bá ọ̀nà. Ní 2015, àwọn èèyàn kú ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n sì rí i pé methanol ló pa wọ́n, oró tó máa ń wà nínú ọtí tí wọn kò ṣe dáadáa tàbí tí wọ́n bu nǹkan mọ́. Ó tún máa ń fọ́ èèyàn lójú.

Flagyl àti ọtí kò sì gbọ́dọ̀ pàdé. Ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀ kìlọ̀ fún un: èébì, orí fífọ́, àyà tó ń lù kìkì. Kí ó má fẹnu kan ọtí tàbí àgbo ọlọ́tí títí yóò fi lo oògùn náà tán, àti fún ọjọ́ 3 lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ìyẹn kí ẹ tó gbé ọmọ. Ọmọ oṣù mẹ́rin tó ń sùn jù, tí kò fa ọmú lágbára, ọjọ́ òní ni kí dókítà wò ó, torí ohun mìíràn bí ibà tàbí àkóràn lè wà lára rẹ̀ yàtọ̀ sí ọtí. Ẹ gbé káàdì rẹ̀ dání, ẹ gbé ìgò àgbo náà dání pẹ̀lú, kí ẹ sì sọ iye tí ìyá rẹ̀ ń mu àti àkókò tó ń mu ún fún wọn, láìbu kù.